Póká orí tẹlifíṣọ̀n ti gba ọkàn àwọn ọmọ Àkúrẹ́: ṣé kí n máa fi hàn wọ́n lọ ni?

Bọ̀dáÌwòran

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan lápá South Gate FUTA níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé lọ́jọ́ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, àga á ṣófo, epo jẹnẹrétọ̀ á sì máa jó lọ. Àwọn ọmọ kan ló bẹ̀ mí pé kí n máa bá àwọn fi póká, eré káàdì tí wọ́n máa ń fi owó ta, sí i ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wò ó lórí fóònù, àmọ́ owó dátà ń pa àwọn. Mo so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá, mo ń fi ti orí YouTube hàn wọ́n.

Bí èrò ṣe ń pọ̀ yà mí lẹ́nu. Wọ́n á jókòó tì í bí ẹni ń wo àṣekágbá ife ẹ̀yẹ, wọ́n á máa pariwo "Má dà á nù! Má dà á nù!" sí òyìnbó tí kò lè gbọ́ wọn, ìyẹn ni pé kó má ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kó sì fi owó tó wà láàárín sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ní báyìí wọ́n ti ń mú páálí káàdì bọ̀ láti ilé. Tí ètò bá ti parí, wọ́n á fa àga jọ lẹ́yìn ilé, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan ta owó oúnjẹ rẹ̀ tán pátápátá. Onílé mi ti wá bá mi, ó ní òun ò fẹ́ atatẹ́tẹ́ nínú ọgbà òun.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ bi yín. Kí ló wà nínú póká yìí gan-an tó fi dùn ún wò tó báyìí? Àti pé ṣé kí n pa á tì ni, àbí ọ̀nà kan wà tí mo fi lè máa fi hàn wọ́n láìjẹ́ pé ilé mi di ilé tẹ́tẹ́?

ÌyáÌbejì_Ìjápò

Ẹ pa á, bọ̀dá mi. Ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, "eré ni, eré ni". Ẹ rìn láti Ọjà Ọba dé Arákálẹ̀ lónìí, kí ẹ wo iye ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tí ẹ máa rí. Ọmọ tó ta owó oúnjẹ lọ́sẹ̀ yìí, owó ilé ìwé ló kàn. Baba Ìjẹ̀bú tí àwọn bàbá wa ń ta, póká tí àwọn ọmọ wa ń ta, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Oríire lásán ni, ilé tẹ́tẹ́ ló sì máa ń jèrè.

ỌmọOǹdó_NíLọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè àkọ́kọ́, torí ó pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ póká orí tẹlifíṣọ̀n.

World Series of Poker ni ìdíje póká tó lókìkí jù lọ láyé. Ọdún 1970 ló bẹ̀rẹ̀, ní ilé tẹ́tẹ́ Binion's Horseshoe ní Las Vegas. Ó pẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n ti ń ya ìdíje yìí, àmọ́ kò dùn ún wò rárá. Kí lèèyàn fẹ́ rí níbẹ̀? Àwọn àgbà ọkùnrin dé fìlà, wọ́n ń wo ojú ara wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹ ò mọ káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá da tirẹ̀ nù, ó parí nìyẹn. Ẹ ò ní mọ̀ láéláé bóyá òótọ́ ni ẹnì kejì ń sọ tàbí ó kàn ń fi owó halẹ̀ mọ́ ọn.

Kámẹ́rà kékeré kan ló tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Bàbá kan wà tó ń jẹ́ Henry Orenstein, Júù ọmọ Poland tó yè bọ́ nínú àgọ́ tí Hitler ti ń pa wọ́n, tó wá di aláṣeyọrí nídìí ohun ìṣeré ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá mọ Transformers, ó wà lára àwọn tó jẹ́ kó dé ọjà Amẹ́ríkà. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn póká gan-an. Òun ló ronú kan ọgbọ́n pé kí kámẹ́rà máa yọ́ wo káàdì eléré kọ̀ọ̀kan láti ara tábìlì, ó sì forúkọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Lọ́dún 1999, Channel 4 níbí lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ètò Late Night Poker: gíláàsì wà létí tábìlì níwájú eléré, kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwa tá a wà nílé sì ń rí káàdì méjì tí ó fi ọwọ́ bò. Ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n ń fi hàn, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń jí dúró dè é. Nígbà tó fi máa di 2003, World Poker Tour ti gbé irú rẹ̀ sórí Travel Channel ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wò ó, láti ìgbà yẹn ni ẹni tó ń wò ti mọ̀ ju ẹni tó ń ta lọ. Ohun tó ń mú àwọn ọmọ yín pariwo nìyẹn. Wọ́n ń rí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó ń ti owó rẹpẹtẹ síwájú bí ọba, wọ́n sì ń rí ẹni tí tirẹ̀ dára jù tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí eré ìdárayá mìíràn tí mo mọ̀ tí òǹwòran ti ń rí inú ikùn eléré bẹ́ẹ̀.

Dèjì_Ìdànrè

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ wọ́n fo ẹni tó gbé e dé ilé gbogbo ayé: Chris Moneymaker! Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn o. Akáńtáǹtì lásán ni ní Tennessee. Ó fi dọ́là 40 wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló ti rí àyè wọ ìdíje àgbà World Series ti 2003 láìsan dọ́là 10,000 tó jẹ́ owó ìwọlé rẹ̀, ó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là lọ sílé.

Ẹ wá fídíò ìgbà tí ó ku òun àti Sam Farha. King àti 7 ló wà lọ́wọ́ Moneymaker. Káàdì márùn-ún tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ti wà láàárín tábìlì, kò sí èyí tó bá tirẹ̀ mu. 9 kan wà lọ́wọ́ Farha, òmíràn wà láàárín tábìlì, ìyẹn ni pé 9 méjì ló ní. Bí Moneymaker ṣe ti gbogbo owó rẹ̀ sáàárín nìyẹn! Ó gbé ọwọ́ sí ẹnu, kò mira. Farha wò ó, wò ó, ó bá a sọ̀rọ̀ kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kò dáhùn. Farha rò ó títí, ó da káàdì tirẹ̀ nù. Àwa tá à ń wò mọ̀ pé òun ló yẹ kó jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Oníṣirò_FUTA

Ẹ̀gbọ́n Dèjì, dọ́là 86 ni, kì í ṣe 40. Àwọn tó ń ròyìn ló ń sọ 40 kiri. Ìyókù tí ẹ sọ rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ ká wò. Èèyàn 839 ló bá Moneymaker du owó yẹn ní 2003, òun náà wà nínú iye wọn. Ní 2004, wọ́n di 2,576. Ní 2005, 5,619. Ní 2006, 8,773, ẹni tó jẹ sì gba mílíọ̀nù 12 dọ́là. Ọdún mẹ́ta péré! Gbogbo akáńtáǹtì àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wo tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ pé "tí èyí bá lè jẹ, èmi náà lè jẹ".

Mà á fẹ́ fi ọ̀wọ̀ ta ko Màmá Ìbejì lórí ohun kan. Póká kì í ṣe Baba Ìjẹ̀bú. Nínú lọ́tìrì, ẹ mú nọ́ńbà, ó tán, kò sí ohun tí ọgbọ́n yín lè ṣe sí i mọ́. Nínú póká, ẹ̀yin àti ẹni tó jókòó níwájú yín lẹ jọ ń ta, ẹ lè dà á nù, ẹ lè fi kún un, ẹ lè mọ ìṣe rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ mi ni ìṣirò, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń tan àwọn ọmọ. Páálí káàdì jẹ́ 52. Ọ̀nà tí káàdì méjì lè gbà wọ ọwọ́ yín jẹ́ 1,326. Mẹ́fà péré nínú rẹ̀ ló jẹ́ Ace méjì, tó dára jù lọ téèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan nínú 221 ni ẹ máa rí i. Lórí tábìlì gidi, wọ́n ń pín káàdì bí ìgbà 30 ní wákàtí kan, nítorí náà ẹ lè jókòó ju wákàtí méje lọ kí ẹ tó rí Ace méjì lẹ́ẹ̀kan. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Kí ẹ tó jẹ gúgúrú tán ẹ ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta, torí wọ́n ti gé gbogbo ìgbà tí kò sí nǹkan kúrò. Wákàtí gbọọrọ tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn fi ń da káàdì nù láìṣe nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n póká wà, òun sì ni tẹlifíṣọ̀n kì í fi hàn.

Tí ẹ bá tún wá rí Ace méjì, tí ẹnì kejì ní King méjì, ẹ máa jẹ ẹ́ bí ìgbà 82 nínú 100. Ìgbà 18 yòókù ńkọ́? Ọmọ tó bá fi owó oúnjẹ ta á kò ní owó tó máa fi dúró de ìgbà tí 82 yẹn máa dé.

ÌyáÌbejì_Ìjápò

Ọmọ mi, mo gbọ́ ìṣirò rẹ, ó dára. Àmọ́ o ti dáhùn fúnra rẹ níbi tí o parí sí. Tí ọgbọ́n bá wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ tó ń ta á kò ní ọgbọ́n náà, kí ló fi yàtọ̀ sí oríire fún wọn?

Ọ̀taAyò_Isíkàn

Mo kí gbogbo yín. Àgbà ni mí, mi ò mọ póká, àmọ́ ọmọ ọmọ mi ti fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀, mo sì wò ó tọkàntọkàn.

Ayò ni mo mọ̀. Nínú ayò, ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n, gbogbo wọn ló wà ní gbangba. Ará ìdí ọpọ́n rí ohun tí ẹni tó ń ta rí. Tó bá pariwo pé "ibẹ̀ yẹn ni kó o ti jẹ", tó sì jẹ́ òótọ́, ó ní òye nìyẹn, a lè ní kó wá jókòó ta. Ọ̀pọ̀ ọ̀ta tó wà ní Àkúrẹ́ yìí, ìdí ọpọ́n ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tí mo rí nínú póká yàtọ̀ síyẹn. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ń rí ohun tó pamọ́ fún ẹni tó ń ta. Tó bá wá pariwo "má dà á nù", kì í ṣe òye ló fi sọ ọ́. Wọ́n ṣí i hàn án ni. Àmọ́ ó ń ṣe é bíi pé òun gbọ́n ju ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òpè ṣe ń dìde lọ bá ọ̀ta ta á, tòun ti owó lọ́wọ́.

Bọ̀dá, mi ò sọ pé kí ẹ pa á. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi páálí bo ibi tí wọ́n kọ káàdì sí lára tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí oníkálukú sọ ohun tó rò pé ó wà lọ́wọ́ àwọn eléré, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i. Ẹ jẹ́ ká wá mọ ẹni tó gbọ́n.

Oníṣirò_FUTA

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Èyí dára ju gbogbo ìṣirò mi lọ.

Ṣadé_Alágbàká

Ẹ má gbàgbé àwa obìnrin o. Mo ń wò ó, mi ò sì ta á rí pẹ̀lú kọ́bọ̀ kan. Ẹni tó mú mi wọ̀ ọ́ ni Liv Boeree, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ka físíìsì ní yunifásítì, tó sì jẹ ìdíje European Poker Tour ní San Remo lọ́dún 2010. Mo fẹ́ràn bí àwọn asọ̀ròyìn ṣe ń ṣàlàyé ìdí tí ẹnì kan fi ṣe ohun tó ṣe. Kò sí òfin pé ẹni tó bá wo nǹkan gbọ́dọ̀ ṣe é. Ìdajì àwọn tó ń wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò ja rí.

Gbọ́yè_Ọ̀wọ̀

Arábìnrin Ṣadé, ti yín dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń dúró síbi ìwòran. Ẹni tá a jọ gbé yàrá nígbà tí mo wà nílé ìwé bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò ó, ó kọ́ òfin rẹ̀, ó gbé e sórí fóònù. Ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ta, èmi gan-an jẹ́rìí sí i. Ohun tí kò fi ojú sí ni owó tí onílé, ìyẹn ẹni tó ni ìkànnì tàbí tábìlì tí wọ́n ti ń ta á, ń yọ. Gbogbo ìgbà tí owó bá kóra jọ láàárín tábìlì ni onílé máa ń bu díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹni tó jẹ tó kó ìyókù. Díẹ̀díẹ̀ ni o, ojú kì í rí i. Àmọ́ tí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà tí òye yín dọ́gba, tí ẹ ta á di ìdájí, gbogbo yín ló lè pàdánù, kí onílé nìkan jèrè. Àbúrò Oníṣirò ní ilé tẹ́tẹ́ kọ́ lẹ ń bá ta. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ń jẹun lára gbogbo yín. Màmá Ìbejì kò jìnnà sí òótọ́ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, kò wá kíláàsì àárọ̀ mọ́, torí òru ni àwọn tó ń bá ta máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sáà kan gbáko ló tún kà.

ỌmọOǹdó_NíLọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ Gbọ́yè rán mi létí ohun kan tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ póká orí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ló ń náwó sórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyẹn. Ìpolówó gígùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní April 15, 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ti ìkànnì àwọn tó tóbi jù nínú wọn pa mọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ètò póká sì kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n torí kò sẹ́ni tó ń sanwó ìpolówó mọ́. Orí YouTube àti ìkànnì bíi tirẹ̀ ni wọ́n ti wá ń rí èrò báyìí. Ẹ ò rí i pé ìdíje àgbà World Series ti 2023 kó èèyàn 10,043 jọ, ó ju ti 2006 lọ, ti 2024 tún jẹ́ 10,112.

Nítorí náà, nígbà tí ètò bá ń lọ, tí ìkànnì kan bá ní kí wọ́n wá gba owó ọ̀fẹ́ láti fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé ibẹ̀ ni ọjà wà.

Mákànjúọlá_IléÌwòranOǹdó

Mo ń ṣe irú iṣẹ́ yín ní Oǹdó, lápá Adeyemi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé ìdíje kalẹ̀. Oníkálukú san owó kékeré kan, mo fún wọn ní ìdérí ìgò dípò owó, ẹni tó bá kó ìdérí jọ jù gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tí wọ́n san, èmi mú ìyókù fún epo. Kò sí ìjà, kò sí ẹni tó ta owó oúnjẹ. Kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀.

AgbẹjọròAlágbàká

Ọ̀gá Mákànjúọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ ìyẹn dúró. Ìdérí ìgò kò yí nǹkan kan padà. Ẹ ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n lè fi káàdì du owó, ẹ sì ń mú nínú rẹ̀. Criminal Code tá à ń lò lápá ibí kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹni tó bá ń fi ilé rẹ̀ ṣe ilé tẹ́tẹ́. Èèyàn lè bá agbẹjọ́rò jiyàn nílé ẹjọ́ bóyá póká jẹ́ ti ọgbọ́n tàbí ti oríire, àmọ́ ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa fi yanjú rẹ̀?

Ohun mìíràn tún wà. Ní November 22, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò ní agbára láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti eré oríire fún àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n sì fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló kù sí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba owó lórí irú eré bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni kó ti lọ béèrè ìwé àṣẹ kó tó gba kọ́bọ̀.

Bọ̀dá Ìwòran, ti yín rọrùn. Kéèyàn máa wo póká kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Tábìlì ẹ̀yìn ilé yẹn ló lè kó bá yín, torí inú ọgbà yín ló wà, ẹ sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Mákànjúọlá_IléÌwòranOǹdó

Ẹ ṣeun, agbẹjọ́rò. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí mi ò bá gba owó, tí mo kàn fún ẹni tó jẹ ní mínírà ńkọ́?

AgbẹjọròAlágbàká

Tí kò bá sí ẹni tó sanwó kó tó jókòó, tí mínírà náà sì ti àpò yín wá, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ má kàn fi kún owó ìwọlé lọ́jọ́ yẹn.

Bọ̀dáÌwòran

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti pinnu. Póká á máa wà lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, àmọ́ kò sí owó lórí káàdì mọ́ nínú ọgbà mi, níwájú tàbí lẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣe é, kó má padà wá. Ti Bàbá Ọ̀ta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dán wò, mà á wá páálí tó tó fi bo ibi tí wọ́n ń kọ káàdì sí. Oníṣirò, tó o bá ráyè lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, jọ̀ọ́ wá bá mi ṣàlàyé 221 yẹn fún wọn, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ju èmi lọ. Màmá Ìbejì, mo mọ̀ pé èyí kò tíì tẹ́ yín lọ́rùn.

ÌyáÌbejì_Ìjápò

Kò tẹ́ mi lọ́rùn lóòótọ́, àmọ́ ó sàn ju ti àná lọ. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ńkọ́? Àwọn ọmọ girama ń wá síbẹ̀ lálẹ́, ẹ má purọ́ fún mi.

Bọ̀dáÌwòran

Wọ́n ń wá, màmá. Tí bọ́ọ̀lù bá parí, wọ́n á lọ sílé kí póká tó bẹ̀rẹ̀.

AgbẹjọròAlágbàká

Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń fa àga jọ. Ẹ ya fọ́tò méjèèjì tòun ti ọjọ́ tí ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé yín lórí WhatsApp, kó lè wà lákọsílẹ̀.